Sísìtì Inú Ilé Ẹyin àti CA-125 Tó Ga: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá ṣáá. Obìnrin lọ ṣe skáànì, wọ́n rí kókó omi lára ilé ẹyin rẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, ìwé àbájáde jáde, nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní CA-125 sì ga ju òṣùwọ̀n lọ. Kó tó padà rí dókítà, ó ti ka ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí ilẹ̀ fi mọ́. Nítorí irú rẹ̀ ni a ṣe kó àwọn ìdáhùn yìí jọ. Wọn ò lè rọ́pò dókítà tó gbé ọwọ́ lé ikùn yín, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ ohun tó yẹ kí ẹ bi í.

Kí ni wọ́n ń pè ní sísìtì inú ilé ẹyin?

Àpò kan ni tó yọ lára ilé ẹyin, omi ló sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Obìnrin tó ń rí nǹkan oṣù ń ní irú àpò bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù: inú rẹ̀ ni ẹyin ti ń gbó, ó lè tóbi tó sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ́, ẹyin sì jáde. Bí kò bá bẹ́, tàbí tó bẹ́ tó tún dí tó sì kún, òun ni wọ́n ń rí nínú skáànì tí wọ́n ń pè ní sísìtì. Èyí kì í ṣe àìsàn. Láàrin oṣù 2 sí 3, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti lọ.

Àwọn mìíràn wà tí kì í lọ fúnra wọn. Dẹ́mọ́ìdì máa ń ní ọ̀rá àti irun nínú, nígbà mìíràn eyín pàápàá. Sísìtì ẹndomẹtiríósíìsì (àìsàn tí awọ bíi ti inú ilé ọmọ fi ń hù síbòmíràn) ní ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́, tó ti dúdú, tó sì ti ki; òun ni wọ́n ń pè ní sísìtì ṣokoléètì. Irú kan tún wà tó jẹ́ omi lásán tàbí omi tó ń yọ̀, tó lè dàgbà títí ikùn fi máa dà bí ikùn aboyún. Kò sí èyí tó jẹ́ jẹjẹrẹ nínú gbogbo wọn.

Wọ́n ní mo ní PCOS. Ṣé òun náà nìyẹn?

Rárá. Nínú PCOS, àpò ẹyin kéékèèké tí kò gbó ló pọ̀ yí ilé ẹyin ká, họ́mọ̀nù ló sì dà rú. Kò sí ìdí láti tìtorí PCOS nìkan yẹ CA-125 wò.

Kí ni CA-125?

Purotéènì kan ni tí ara ń ṣe, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Robert Bast àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ rí ohun tí wọ́n fi ń dá a mọ̀, ní 1981. Ní 1983 wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn 888 tí ara wọn le wò, ìpín 1 nínú 100 wọn péré ló ju 35 U/mL lọ. Ibẹ̀ ni 35 tó wà lórí ìwé àbájáde yín ti wá.

Àwọn obìnrin tí wọ́n ti mọ̀ pé jẹjẹrẹ ilé ẹyin ń bá jà ni wọ́n ṣe àyẹ̀wò yìí fún, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́ àti bóyá àrùn ń padà bọ̀. Iṣẹ́ yẹn ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Wíwá jẹjẹrẹ lára ẹni tí kò ní àmì kankan kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìpayà tí kò nídìí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àbájáde mi ju 35 lọ. Ṣé jẹjẹrẹ ni?

Nọ́ńbà yẹn nìkan kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Lára obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù, ohun tí kì í ṣe jẹjẹrẹ ló sábà máa ń gbé CA-125 ga díẹ̀. Ohun tó ń sọ ìtumọ̀ nọ́ńbà náà ni ọjọ́ orí yín, bí sísìtì ṣe rí nínú skáànì, ohun tí ara yín ń sọ, àti ibi tí nọ́ńbà náà ń lọ bí wọ́n bá tún un wò.

Ẹ má ṣe sọ ìwé náà nù o. Nọ́ńbà tó ga yẹ fún ìwádìí, kódà nígbà tí ọkàn wa bá balẹ̀ pé ohun tó kéré ló fà á. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí ẹnikẹ́ni gba ìdájọ́ lọ́wọ́ láàbù kí dókítà tó rí skáànì.

Báwo ni ohun tí kì í ṣe jẹjẹrẹ ṣe ń gbé e ga?

Jẹjẹrẹ nìkan kọ́ ló ń ṣe CA-125. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo inú ikùn ń ṣe é. Awọ tó yí ẹ̀dọ̀fóró ká ń ṣe é, èyí tó yí ọkàn ká náà ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni túùbù tí ẹyin ń gbà kọjá àti awọ inú ilé ọmọ. Ohunkóhun tó bá ta àwọn awọ wọ̀nyí, tó mú wọn wú, tó nà wọ́n, tàbí tó jẹ́ kí omi gbára jọ sí wọn lára, yóò mú kí CA-125 púpọ̀ sí i bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀.

Sísìtì ṣokoléètì ń jo ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sára awọ ikùn, awọ náà a sì máa bínú lóṣooṣù. Sísìtì tó bẹ́ ń da omi rẹ̀ sí ibì kan náà. Sísìtì tó lọ́ mọ́ ìdí rẹ̀ ń wú nítorí ẹ̀jẹ̀ tí kò rí ọ̀nà padà. Láàbù kò lè fojú rí èyíkéyìí nínú wọn. Iye purotéènì tó wà nínú ìgò nìkan ló ń kà.

Sísìtì wo ló ń gbé CA-125 ga jù?

Ti ẹndomẹtiríósíìsì ni, láìsí àní-àní. Obìnrin tó ní in sábà máa ń ní inú rírun burúkú nígbà nǹkan oṣù, ìrora nígbà ìbálòpọ̀, tàbí kó máa wá ọmọ tí kò rí. Nọ́ńbà rẹ̀ máa ń wà láàrin 35 sí 100, àmọ́ bí sísìtì náà bá bẹ́, ó lè fò lọ sí ọgọ́rùn-ún mélòó kan tàbí ju ẹgbẹ̀rún lọ láàrin ọjọ́ díẹ̀. A ti gbọ́ kí wọ́n sọ fún ọ̀dọ́bìnrin pé ẹndomẹtiríósíìsì kì í bá aláwọ̀ dúdú jà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń bá wa jà, ohun tó sì ń jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n ni pé a ti gbà pé obìnrin gbọ́dọ̀ jìyà nǹkan oṣù.

Dẹ́mọ́ìdì kì í sábà yí CA-125 padà. CA 19-9, àmì mìíràn tí wọ́n ń wò nínú ẹ̀jẹ̀, ni tirẹ̀, ó sì ní ìdáhùn tirẹ̀ nísàlẹ̀. Sísìtì omi lásán tó ń wá tó ń lọ kì í gbé e ga rárá, tàbí kó gbé e díẹ̀.

Èyí tó ń tan dókítà jẹ jù ni kókó líle kan tí wọ́n ń pè ní fibroma. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, síbẹ̀ nígbà mìíràn ó máa ń fa omi sínú ikùn àti sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, CA-125 a sì ga fíofío, gbogbo rẹ̀ a wá jọ jẹjẹrẹ tó ti tàn ká. Joe Vincent Meigs, dókítà ará Boston, kọ nípa irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní 1937, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àìsàn náà. Tí wọ́n bá ti yọ kókó náà, omi á gbẹ, nọ́ńbà á wálẹ̀, obìnrin náà á sì gbádùn. Nítorí irú rẹ̀ ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹbí pé kò sí ìrètí kí wọ́n tó wo ẹran ara náà lábẹ́ maikirosíkóòpù.

Yàtọ̀ sí sísìtì, kí ló tún ń gbé e ga?

Ìju (fibroid) ni a ó kọ́kọ́ dárúkọ, torí ó wọ́pọ̀ gan-an láàrin àwọn obìnrin dúdú, ọ̀pọ̀ ló sì ní ìju àti sísìtì papọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí awọ inú ilé ọmọ wọ inú ẹran ilé ọmọ, àrùn tó gun òkè dé túùbù, oyún, nǹkan oṣù fúnra rẹ̀, iṣẹ́ abẹ ikùn tí kò tíì pẹ́, àìsàn ẹ̀dọ̀ tó ti mú omi wá sínú ikùn, àìlera ọkàn, omi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, àti TB (ikọ́ ife). Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mú ẹyin jáde fún IVF (dída ẹyin pọ̀ mọ́ àtọ̀ nínú láàbù) náà lè gbé e ga bí ilé ẹyin bá wú jù.

Ẹ sọ gbogbo àìsàn yín fún dókítà tó ń tọ́jú àìsàn obìnrin, títí kan èyí tí ẹ rò pé kò kàn án. Obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú nítorí ọkàn lè gbé CA-125 tó ju 100 lọ wá láìsí nǹkan kan nílé ẹyin rẹ̀.

Mò ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Ṣé ó ṣe nǹkan kan?

Ó lè ṣe. Nọ́ńbà máa ń ga sí i ní àwọn ọjọ́ yẹn, ti ẹni tó ní ẹndomẹtiríósíìsì sì ń ga ju ti ẹlòmíràn lọ. Bí kò bá sí ìkánjú, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un gbà nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ti dá tán, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àbájáde méjèèjì.

Mélòó ni nọ́ńbà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí n tó bẹ̀rù?

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú àìsàn obìnrin ní Britain, RCOG, gba àwọn dókítà níyànjú lọ́dún 2011 pé bí obìnrin bá ṣì ń rí nǹkan oṣù tí CA-125 rẹ̀ sì wà lábẹ́ 200, kí wọ́n wá àwọn ohun tó wọ́pọ̀ tó lè fà á, kí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò. Bó bá ju 200 lọ, kí wọ́n bá dókítà jẹjẹrẹ obìnrin sọ̀rọ̀.

Ìlànà fún ìgbésẹ̀ dókítà ni 200 yẹn, kì í ṣe ààlà láàrin àìsàn kékeré àti jẹjẹrẹ. Sísìtì ṣokoléètì tó bẹ́ lè kọjá rẹ̀ dáadáa, jẹjẹrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sì lè má dé 35. Bí ó ṣe ń rìn láti ìgbà dé ìgbà ló ń sọ òótọ́ ju iye rẹ̀ lọ́jọ́ kan lọ. Èyí tó dúró sójú kan tàbí tó ń lọ sílẹ̀ kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ; èyí tó ń gòkè nígbà gbogbo tí wọ́n bá wò ó gbọ́dọ̀ ní àlàyé.

Dókítà rí sísìtì, kò sì gba ẹ̀jẹ̀ kankan. Ṣé kò ka ọ̀rọ̀ mi sí ni?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá ṣì ń rí nǹkan oṣù, tí skáànì sì fi hàn kedere pé àpò omi kan ṣoṣo ni, tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí kò sí ohun líle nínú rẹ̀, ìlànà RCOG kan náà sọ pé CA-125 kò pọn dandan. Bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 5, kò sídìí fún skáànì mìíràn pàápàá. Láti 5 sí 7, kí wọ́n máa wò ó lọ́dọọdún. Tó bá ju 7 lọ ni wọ́n á ronú nípa MRI (skáànì tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ya inú ara) tàbí iṣẹ́ abẹ.

Àyẹ̀wò tí kò lè yí ohun tí wọ́n máa ṣe padà kò ní jẹ́ kí ẹ sùn lóru, kò sì sí àǹfààní mìíràn tó máa ṣe.

Kí ni wọ́n ń wò nínú skáànì tó lè jẹ́ àmì ewu?

Wọ́n ń wò bóyá yàrá inú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, bóyá ohun líle wà nínú rẹ̀, bóyá ó wà lára ilé ẹyin méjèèjì, bóyá omi wà nínú ikùn, àti bóyá nǹkan ti tàn lọ síbòmíràn. Ní 1990, Ian Jacobs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London ṣe ìṣirò kan tó kó skáànì, ọjọ́ orí àti CA-125 pọ̀. Bí kò bá sí àmì kankan, skáànì gba 0. Àmì kan, 1. Àmì méjì sókè, 3. Ẹni tó ń rí nǹkan oṣù gba 1, ẹni tí tirẹ̀ ti dá gba 3. Wọ́n á fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ ara wọn. Ibi tó ju 200 lọ, tàbí 250 ní àwọn ilé ìwòsàn kan, ni wọ́n ti ń gbé aláìsàn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ.

Ẹ wo obìnrin ẹni ọdún 38 tí CA-125 rẹ̀ jẹ́ 90, tí skáànì rẹ̀ ní àmì kan: 1 lọ́nà 1 lọ́nà 90, ó jẹ́ 90. Ìyá ẹni ọdún 62 tó ní nọ́ńbà kan náà àti skáànì kan náà: 1 lọ́nà 3 lọ́nà 90, ó di 270. Ẹ̀jẹ̀ wọn dọ́gba, ìtọ́jú wọn kò dọ́gba. Nítorí náà ẹ má ṣe fi àbájáde ẹ̀gbọ́n yín tàbí ọ̀rẹ́ yín díwọ̀n tiyín.

CA 19-9 ló ga ní tèmi, wọ́n sì ní ó jẹ́ ti pánkíríà. Sísìtì nìkan ni mo ní.

CA 19-9 ń ga nínú jẹjẹrẹ pánkíríà (ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ) lóòótọ́, òkúta inú òróòro náà sì ń gbé e ga, ṣùgbọ́n dẹ́mọ́ìdì inú ilé ẹyin ti ń gbé e kọjá 37, tó jẹ́ òṣùwọ̀n rẹ̀, láti ọjọ́ pípẹ́. Sísìtì ṣokoléètì náà lè gbé e ga. Ó lè ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, kó sì padà sí bó ṣe yẹ lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ sísìtì náà. Bí skáànì bá fi ọ̀rá àti irun hàn, tí ojú yín kò pọ́n, tí ẹ kò sì rù, ẹ bi dókítà yín bóyá dẹ́mọ́ìdì náà ló fà á kí ẹ tó lọ máa ná owó sórí àyẹ̀wò pánkíríà.

Àwọn ènìyàn kan wà tí ara wọn kò lè ṣe CA 19-9 rárá, nítorí irú ẹ̀jẹ̀ Lewis tí wọ́n jogún. Wọ́n pọ̀ láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Fún irú wọn, nọ́ńbà kékeré kò sọ nǹkan kan.

HE4 ńkọ́? Wọ́n ní ó dára ju CA-125 lọ.

HE4 náà jẹ́ àmì tí wọ́n ń wò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹndomẹtiríósíìsì kì í sábà gbé e ga, ìdí nìyẹn tó fi wúlò fún ọ̀dọ́bìnrin tí CA-125 rẹ̀ ti da gbogbo ènìyàn láàmú. Ṣùgbọ́n àìsàn kíndìnrín ń gbé e ga, ọjọ́ orí ń gbé e ga, sìgá mímu náà ń gbé e ga. Bí wọn kò bá ní in nílé ìwòsàn yín, skáànì tí ẹni tó mọṣẹ́ ṣe lè ṣe yín láǹfààní jù ú lọ.

Ọmọ mi ọdún 16 ní kókó nínú ilé ẹyin. Wọ́n ní ká ṣe AFP, hCG àti LDH. Kí ló dé?

Jẹjẹrẹ tó lè mú ọmọdébìnrin nílé ẹyin yàtọ̀ sí ti àgbàlagbà, àwọn mẹ́ta yìí, tí wọ́n ń wò nínú ẹ̀jẹ̀, ló sì ń fi í hàn. RCOG ní kí wọ́n yẹ wọ́n wò fún gbogbo ẹni tí kò tíì pé ọdún 40 tí kókó rẹ̀ kò jẹ́ omi lásán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé, torí àbájáde náà lè yí irú iṣẹ́ abẹ padà. Dẹ́mọ́ìdì ló wọ́pọ̀ jù ní ọjọ́ orí yẹn, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ.

Ẹ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ nípa hCG. Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n sí àyẹ̀wò oyún, ọ̀pọ̀ ọmọ sì rò pé wọ́n ń fẹ̀sùn kan òun ni.

Mo lóyún, wọ́n sì rí sísìtì. CA-125 mi jẹ́ 80.

Oyún máa ń gbé CA-125 ga, pàápàá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ àti lẹ́yìn ìbímọ gẹ́lẹ́. AFP àti hCG ńkọ́? Ọmọ àti ibi rẹ̀ ló ń ṣe wọ́n, wọn kò lè sọ nǹkan kan nípa sísìtì ní àkókò yìí. Skáànì ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Sísìtì tó bá ẹyin oyún wá sábà máa ń lọ kí oyún tó pé oṣù mẹ́rin.

Nǹkan oṣù ìyá mi ti dá láti bí ọdún mẹ́wàá. Wọ́n rí sísìtì, CA-125 sì jẹ́ 60.

Níbí, ẹ má fi falẹ̀. Obìnrin tí oṣù rẹ̀ ti dá kò ní ẹyin tó ń gbó mọ́, ẹndomẹtiríósíìsì rẹ̀ sì ti sábà máa ń rọlẹ̀, torí náà ọ̀pọ̀ àlàyé tó ń tu ọ̀dọ́ lára kò sí fún un. 60 lára ìyá ẹni ọdún 60 wúwo ju 60 lára ọmọ rẹ̀ lọ. Kí wọ́n ṣe ìṣirò tí a sọ lókè, kí wọ́n sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú àìsàn obìnrin láàrin ọ̀sẹ̀, kì í ṣe oṣù.

Síbẹ̀, àgbàlagbà pàápàá ń ní sísìtì omi lásán. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 5, tí CA-125 sì wà níbi tó yẹ, ìlànà ni kí wọ́n tún un wò láàrin oṣù 4 sí 6. Bí kò bá yí padà títí ọdún kan, wọ́n lè fi sílẹ̀.

CA-125 mi wà lábẹ́ 35. Ṣé kí ọkàn mi balẹ̀ pátápátá?

Rárá o. Nínú jẹjẹrẹ ilé ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bí ìdajì ni CA-125 wọn kì í tíì ga. Inú tó ń wú tí kì í fà, àjẹyó lẹ́yìn oúnjẹ díẹ̀, ìrora ìsàlẹ̀ ikùn, ìtọ̀ tó ń yọni lẹ́nu: bí ọ̀kan nínú wọn bá ń ṣẹlẹ̀ ju ìgbà 12 lọ lóṣù, pàápàá lẹ́yìn ọdún 50, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ìdí rẹ̀. Ẹ má gbà pé ọgbẹ́ inú tàbí ìba ni títí oṣù mẹ́fà yóò fi kọjá.

Láàbù méjì fún mi ní nọ́ńbà méjì láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Èwo ni kí n gbà?

Ẹ̀rọ láàbù yàtọ̀ síra, ẹ̀jẹ̀ kan náà sì lè gba nọ́ńbà méjì. Ẹ mú láàbù kan, kí ẹ máa lò ó. Ìyàtọ̀ láàrin 38 àti 44 kì í ṣe pé àìsàn ń pọ̀ sí i.

Biotin, fítámì tí ọ̀pọ̀ wa ń lò kí irun àti èékánná lè dára, máa ń da àwọn ẹ̀rọ kan rú. FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní 2017. Ẹ sọ fún láàbù bí ẹ bá ń lò ó.

Omi kún ikùn, CA-125 ju 500 lọ, wọ́n ní jẹjẹrẹ ti tàn ká. Ṣé nǹkan mìíràn wà tó lè fa irú èyí?

Ó wà, ó sì yẹ kí gbogbo ìdílé ní Nàìjíríà mọ̀ ọ́n: TB inú ikùn. Kò dìgbà tí ènìyàn bá ń wúkọ́. Kòkòrò ikọ́ ife lè gbé inú awọ ikùn àti túùbù, kó da omi síkùn, kó mú ara rù, kó máa fa ibà àti òógùn òru, kó sì lẹ ilé ẹyin mọ́ ìfun títí skáànì yóò fi rí i bíi kókó ńlá. CA-125 lè dé ọgọ́rùn-ún mélòó kan, ó sì ń ju ẹgbẹ̀rún lọ nígbà mìíràn. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí TB pọ̀ sí jù láyé, nítorí náà èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán.

Ohun tó ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni kí wọ́n gé bíńtín lára awọ ikùn náà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n sábà máa ń fi kámẹ́rà kékeré wọlé láti ojú ihò tíńtín. Omi tí wọ́n fà nìkan lè má fi kòkòrò náà hàn. Bó bá jẹ́ TB, oògùn oṣù mẹ́fà ló máa ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn náà láwọn ibùdó ìtọ́jú TB ti ìjọba. CA-125 yóò máa wálẹ̀ bí oògùn ti ń ṣiṣẹ́.

Bí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn jẹjẹrẹ tàbí kí wọ́n yọ ilé ọmọ láìtíì gé ẹran ara wò, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé: "Dókítà, báwo la ṣe mọ̀ pé kì í ṣe TB?" Dókítà tó dáa kò ní bínú sí i.

Àgbo wà tó ń yọ́ sísìtì. Ṣé kí n kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ ná?

Sísìtì tó jẹ́ ti oṣù ń lọ fúnra rẹ̀ láàrin oṣù 2 sí 3. Ẹni tó mu àgbo ní àkókò yẹn á jẹ́rìí pé àgbo ló yọ́ ọ. Ẹni tí kò mu nǹkan kan, tirẹ̀ náà ti lọ. Dẹ́mọ́ìdì tó ní irun àti eyín kò ní yọ́ fún àgbo, bẹ́ẹ̀ ni sísìtì ṣokoléètì. Pílì ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí àwọn dókítà máa ń fúnni tẹ́lẹ̀ náà, ìwádìí ti fi hàn pé kì í mú sísìtì tètè lọ.

Ohun tó ń dùn wá ni oṣù tó ń ṣòfò lọ́wọ́ àwọn díẹ̀ tí tiwọn kì í ṣe ohun kékeré. Bí ẹ bá ti mu nǹkan kan, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà.

Ṣé wọn ò lè fi abẹ́rẹ́ fa omi rẹ̀ kí n bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ abẹ?

Àpò rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, nítorí náà ó ju ìdajì wọn lọ tó ń padà kún. Bó bá sì lọ jẹ́ jẹjẹrẹ, abẹ́rẹ́ náà lè da á sínú ikùn.

Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ abẹ, ṣé gbogbo ilé ẹyin ni wọ́n máa yọ?

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ṣì fẹ́ bímọ tí skáànì rẹ̀ kò sì ní àmì ewu. Wọ́n lè bó sísìtì náà kúrò, kí ilé ẹyin wà níbẹ̀. CA-125 tó ga díẹ̀ kì í ṣe ìdí tó tó láti yọ ilé ẹyin méjèèjì àti ilé ọmọ ọ̀dọ́bìnrin. A ń sọ èyí tagbáratagbára, torí ohun tí wọ́n bá ti yọ kò ṣeé dá padà.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ yọ gan-an, ohun tí wọ́n máa ṣe bí wọ́n bá rí ohun tí wọn kò retí, àti ibi tí wọ́n máa gbé ẹran ara náà lọ fún àyẹ̀wò. Bó bá jẹ́ sísìtì ṣokoléètì, ẹ fi kún un: bíbó rẹ̀ máa ń dín ẹyin tó kù kù, nítorí náà kí ẹni tó ń wá ọmọ bá dókítà ìbímọ sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Ìgbà kan wà tí kò sí àyè fún ìbéèrè púpọ̀. Bí ìrora bá dé lójijì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó le, tí èébì sì tẹ̀ lé e, ilé ẹyin lè ti lọ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà, ní wákàtí náà. Bó bá pẹ́, ilé ẹyin á kú.

Ṣé kí n máa ṣe CA-125 lọ́dọọdún, kí n má bàa pẹ́ jù?

Bí ẹ kò bá ní àmì kankan, tí kò sì sí jẹjẹrẹ ọmú tàbí ilé ẹyin nínú ẹbí, rárá. Wọ́n ti dán an wò. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí PLCO tọ́pa obìnrin 78,216. Àbájáde tó jáde ní 2011 ni pé iye tí jẹjẹrẹ ilé ẹyin pa kò dín kù láàrin àwọn tí wọ́n ń yẹ̀ wò. 3,285 nínú wọn ló gba ìkìlọ̀ èké, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún 1,080, 163 sì ní ìṣòro ńlá látara iṣẹ́ abẹ tí wọn kò nílò. Ní Britain, ìwádìí UKCTOCS kó obìnrin 202,638 jọ. Ní 2021, èsì kan náà ni: kò gba ẹ̀mí là.

Láàbù tó fi CA-125 kún àyẹ̀wò gbogbo ara fún ọjọ́ ìbí tàbí ọdún tuntun ń ta ìpayà. Ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Ìyá mi àti àbúrò rẹ̀ ní jẹjẹrẹ ọmú. Mo ní sísìtì, CA-125 jẹ́ 50. Ṣé ọ̀rọ̀ mi yàtọ̀?

Ó yàtọ̀. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Funmi Olopade àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lára obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọmú ní Nàìjíríà, tó jáde ní 2018, rí àṣìṣe nínú jíìnì BRCA1 lára bí ìpín 7 nínú 100, àti BRCA2 lára bí ìpín 4. Jíìnì wọ̀nyí ń ṣí ọ̀nà fún jẹjẹrẹ ilé ẹyin pẹ̀lú, ọkùnrin sì lè gbé wọn fún ọmọbìnrin rẹ̀. Ẹ ka àìsàn ìhà ìyá àti ti bàbá fún dókítà, kí ẹ sì béèrè àyẹ̀wò jíìnì, pàápàá fún ẹni tí àìsàn náà mú nínú ẹbí. Ó ṣeé ṣe kí sísìtì yín má jẹ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ìtàn ẹbí yín ti tó ìdí láti jókòó pẹ̀lú amòye.

Wọ́n ti yọ sísìtì, àbájáde ẹran ara ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, CA-125 ṣì jẹ́ 70.

Ìgbà wo ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà? Iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ ń ta awọ ikùn, CA-125 sì lè ga fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tó oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó tún un wò, kó má sì bọ́ sí ọjọ́ nǹkan oṣù.

Bó bá ṣì ga nígbà náà, ẹ wá ohun tí iṣẹ́ abẹ kò kàn: ẹndomẹtiríósíìsì tó kù lára ìfun tàbí lẹ́yìn ilé ọmọ, ìju, ẹ̀dọ̀, ọkàn, TB. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé àbájáde ẹran ara náà, kí ẹ kà á bóyá gbogbo sísìtì ni wọ́n yẹ̀ wò tàbí apá kan, kí ẹ sì fi í pa mọ́ pẹ̀lú fọ́tò skáànì. Àwọn obìnrin kan wà tí nọ́ńbà wọn á dúró sí 40 tàbí 50 fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ara wọn le, tí ẹnikẹ́ni kò rí nǹkan kan. Fún irú wọn, ibẹ̀ ni nọ́ńbà tiwọn wà, ohun tí dókítà á sì máa ṣọ́ ni bóyá ó kúrò níbẹ̀.